Irin Yín Ò Rí Ọmọ Ẹ̀yìn Mi

N ò jókòó! Ọ̀gá Ṣọládé, ẹ gbé àga yín kúrò níwájú mi, ìjókòó kọ́ ló gbé mi wá láti Ìkòsì, ẹ̀yin tí wọ́n ní ẹ ya irin ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì tuntun yìí ni mo wá wò lójú, kí n mọ̀ bóyá abiyamọ ló bí yín. Ẹ má kí mi ní pẹ̀lẹ́ o! Pẹ̀lẹ́ kí ni?

Ṣé ẹ rí ọmọ tó wà lẹ́yìn mi yìí? Abdulrauf nìyẹn. Oyún ń bàjẹ́, oyún ń bàjẹ́, kí n tó rí òun gbé dání. Òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ àná ní Mile 12, wallahi!

Mo ti já tíkẹ́ẹ̀tì mi, mo ki ara bọ àárín irin yín tó ń yí, tó ń ka èrò, ikùn mi kọjá, ẹ̀yìn mi há! Ọmọ forí gbá irin, ó figbe ta. Òṣìṣẹ́ yín ní Madam, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tú ọmọ yẹn, ẹ nà án sí ẹni tó wà nínú, kẹ́ ẹ wá kọjá. Kí èmi Ajarat tú ọ̀já lójú gbogbo ayé! Èrò ń bú mi lẹ́yìn pé mo dá wọn dúró. Mo tú u. Mo na ọmọ mi kọjá lórí irin sí obìnrin kan tí n ò mọ̀ rí. Mo ní kí n kọjá báyìí, irin kọ̀! Wọ́n ní ó ti ka ẹni tó kẹ́yìn, bọ́ọ̀sì ti kún. Ta ló kà? Èmi náà mà ni! Nígbà tí mo kọ́kọ́ há sí i, ó ti kà mí mọ́ àwọn tó wọlé!

Wọ́n fà mí sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀kùn padé fúnra rẹ̀, iná tàn níwájú dẹ́rẹ́bà pé kó máa lọ, ó sì lọ. Pẹ̀lú ọmọ mi! Yéè! Mo sáré, mo ń lu ara bọ́ọ̀sì, ẹ ti fi gíláàsì dí ọkùnrin yẹn mọ́nú afẹ́fẹ́ tútù, kò gbọ́ nǹkan kan. Kọ́ńdọ́ tẹ́ ẹ ní ó dọ̀tí, tẹ́ ẹ lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ṣebí òun ló máa ń pariwo mọ́ dẹ́rẹ́bà pé “Ó lóyún, ó pọnmọ!” kí mọ́tò tó kúrò lójú kan? Ta ló ń bá wa pariwo ọ̀hún nínú bọ́ọ̀sì tiyín?

Mo gun ọ̀kadà dé Kétu, wọ́n ti lọ. Ọjọ́ta ni mo ti bá obìnrin náà, Mummy Loveth, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú ọmọ mi, òun gan-an ń sunkún. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ńkọ́? Àwọn ará ibẹ̀ ń nàka sí mi, wọ́n ní ìyá wo ló ń gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Èmi! Èmi ni wọ́n ń bú bẹ́ẹ̀!

Ẹ ní kí ni? Ẹ béèrè lọ́wọ́ èrò kẹ́ ẹ tó ṣe é? Haa, ẹ béèrè! Ọmọge tẹ́ ẹ rán wá bá mi ní bọ́sítọ́ọ̀pù, àwọ̀ ìjókòó ló bi mí, ṣé búlúù ni mo fẹ́ àbí pupa. Ọmọ yìí wà lẹ́yìn mi! Fìlà rẹ̀ ń yọ̀, ọmọge yẹn ló bá mi tún un ṣe, ó tún padà sórí búlúù àti pupa.

Kí n máa gbé e síwájú? Ẹ tún un sọ! Ṣé iwájú ni ìyá yín gbé yín sí?

Ó dáa. Ọmọ inú fọ́tò tó wà lórí tábìlì yín yìí, tiyín ni? Ó rẹwà. Mo mú ọ̀já kan dání wá fún yín, ẹ gbà. Ẹ pọ̀n ọ́n láti ilé yín ní Magodo wá sí Mile 12 lọ́la, kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì yín. Bẹ́ ẹ bá há, ẹ má sunkún, ẹ tú ọ̀já. Màá ti wà nínú bọ́ọ̀sì. Èmi ni kẹ́ ẹ na ọmọ yín sí.

Ẹ ò mọ̀ mí rí, àbí? Èmi náà ò mọ Mummy Loveth rí.