Àwọn Tó Ń Bá Àbúrò Mi Ṣeré Létí Ọ̀sà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ tẹnu mi tán kí ẹ tó pè mí ní wèrè. Ọgbà ìgbafẹ́ tuntun tó wà létí ọ̀sà ládùúgbò wa, èyí tí àwọn èèyàn ń ti Badagry àti Ijanikin wá ya fọ́tò níbẹ̀, èmi ni mo jà fún un. Títí di òní ni wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́ ní títì. Ṣùgbọ́n tí oòrùn ọ̀sán bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, tí àbúrò mi bá ní ká lọ ṣeré, ńṣe ni orí mi ń wú. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, mo sì mọ àwọn tó ń dúró dè é. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ibi ìṣeré náà á pa rẹ́. Bí mo bá dákẹ́, mo lè pàdánù ọmọ náà. Ta ni irú èyí ti dé bá rí?

Sẹ̀nami ni àbúrò mi ń jẹ́. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti gbé e, àga oníkẹ̀kẹ́ ló fi ń rìn. Àwọn òbí wa ti kú, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà wa, ìyá tó bí bàbá wa, ni àwa méjèèjì ń gbé. Ẹja ni ìyá àgbà ń yan tà. Ègùn ni wọ́n, tí wọ́n bá ń sọ Yorùbá, bí ẹni ń rọra wa ọkọ̀ ni. Ojú fèrèsé ni Sẹ̀nami ti máa ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sáré. Nígbà tí mo kàwé olùkọ́ jáde ní Ijanikin tí mi ò ríṣẹ́, ìbínú ló di iṣẹ́ mi. Ibi tí wọ́n bá ti ń rẹ́ ẹnìkan jẹ, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá mi.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn bí omi ni ìjọba kọ́kọ́ ṣe ọgbà náà, pẹ̀lú àga símẹ́ńtì àti jáńgílọ́fà onírin. Nígbà tí owó gbẹ, irin dípẹtà, igbó bo àga, ewúrẹ́ gba ibẹ̀. Apá kan wà níbi tí iyanrìn ti wọ inú omi, tí màrìwò ọ̀pẹ kan máa ń wà lórí igi kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Tó bá gbẹ, a óò tún rí tútù. A kò mọ ẹni tó ń so ó, a kò sì béèrè.

Kí ó tó di pé ìròyìn jáde pé ìjọba fẹ́ tún ọgbà náà ṣe, wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀. Etí omi, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ni wọ́n fi ibi ìṣeré sí, àtẹ̀gùn gíga ló sì yí i ká. Àwọn ọmọ bíi Sẹ̀nami ńkọ́? Wọ́n ya igun kan fún wọn lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, lápá títì! Èmi àti Ìyá Rukayat, oníṣòwò aṣọ láti Ibereko, tí ọmọkùnrin tó bí lé Rukayat kò ríran, kọ àkọlé sára páálí, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn títí wọ́n fi pe ìpàdé.

Lọ́jọ́ ìpàdé náà, àwọn ìyá àgbà adúgbò jókòó sórí ẹní níwájú, ìyá àgbà tèmi wà láàárín wọn. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i pé kí ibi ìṣeré wà létí omi, kí gbogbo ọmọ sì lè lò ó. Baba Àgòsù nìkan ló dìde, arúgbó tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní, “Ẹ má gbé e sétí omi. Ẹ jẹ́ kó wà lápá títì. Ẹ ṣáà gbọ́ tèmi.” A bi wọ́n ní ìdí. Wọ́n wo àwọn ìyá àgbà yẹn, wọ́n sì mirí. Èmi náà dìde. Mo ní, “Baba, ó ti yé wa. Ojú yín kò fẹ́ rí arọ níbi tó dáa.” Àwọn èèyàn hó. Ẹnìkan ní kí Baba lọ máa fi ọ̀dà kun ọkọ̀ wọn. Baba jókòó, wọ́n sì dorí kodò. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún mi tó ìyá àgbà mi.

Bí a ṣe borí nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ fa igi màrìwò yẹn tu, wọ́n dáná sun ún pẹ̀lú pàǹtírí. Wọ́n ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà, wọ́n tẹ́ rọ́bà sílẹ̀, wọ́n so agogo kéékèèké tí ọmọ tí kò ríran lè fọwọ́ wá, wọ́n sì ṣe jáńgílọ́fà kan tó ní pẹpẹ, tí kẹ̀kẹ́ Sẹ̀nami ń gùn tààrà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fì lókè omi, tó ń rẹ́rìn-ín, mo sunkún.

Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, atẹ́gùn kò fẹ́, ewé àgbọn kò mì, síbẹ̀ jáńgílọ́fà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sẹ̀nami ń fì, kò sì sẹ́ni lórí rẹ̀. Kì í ṣe bí òfìfo ṣe ń fì o. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ nà tọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí ẹnìkan jókòó sí i. Mo wolẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ tútù, kéékèèké, ti inú ọ̀sà wá dé ìdí jáńgílọ́fà. Kò sí èyí tó padà. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Rukayat ń bá mi ṣàwàdà pé ọmọ kan máa ń di ọmọ òun lọ́wọ́ mú lọ sídìí agogo. “Ọmọ ta ni ọwọ́ rẹ̀ tutù tó báyìí? Ẹ bá mi bi ìyá rẹ̀ bóyá inú fíríìjì ló ń gbé.” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò kọjá eyín mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà ń yí ẹja lórí ààrò, Sẹ̀nami bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin kan ní Ègùn, orin tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀. Èmi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Ọwọ́ ìyá àgbà dúró. Wọ́n ní, “Ta ló kọ́ ẹ?” Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun létí omi ni. Ìyá àgbà wọlé, wọ́n tìlẹ̀kùn. Ẹja jóná.

Ọ̀dọ̀ Baba Àgòsù ni ẹsẹ̀ gbé mi lọ. Mo kúnlẹ̀, wọn kò bá mi jà. Wọ́n ní nígbà owó epo yẹn, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-ìwé sínú ọkọ̀ kan pé kí wọ́n lọ fi àsíá kí ọlọ́lá kan ní òdìkejì ọ̀sà. Ọkọ̀ kún jù, ó sì dojú dé. Ẹni tí omi bá gbé, etí omi náà ni wọ́n ń sin ín sí níhìn-ín, wọn kì í gbé e wọlé. Òbí kì í sì í mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìgbà náà ló sin wọ́n, wọ́n sì mulẹ̀ pé àwọn òbí kò ní mọ ibẹ̀. Ìjọba wá ṣe ọgbà lé ibẹ̀ lórí, kí àwọn èèyàn lè panu mọ́. Àkọ́bí ìyá àgbà mi wà nínú ọkọ̀ náà. Èmi ò tilẹ̀ mọ̀ pé bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n rí! Baba Àgòsù nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn tó mọ̀, Baba náà ló ń so màrìwò yẹn, kí àwọn ọmọ náà lè sùn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ìyá àgbà rẹ jókòó níwájú mi lọ́jọ́ ìpàdé yẹn. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?” Kò pẹ́ sígbà náà ni Baba Àgòsù náà kú.

Mo lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ọgbà náà pé kí wọ́n sún ibi ìṣeré kúrò létí omi. Ó rẹ́rìn-ín. “Arábìnrin, ṣebí ìwọ lo ní etí omi lo fẹ́? Bí nǹkan bá ṣe ilẹ̀ náà, ìwọ ṣáà sọ ọ́ síta. Ẹni tó fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀ ti ń dúró.” Mo rí tàkúté náà kedere. Tí mo bá lanu, katakata á wa ìpìlẹ̀ gba orí egungun àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, Sẹ̀nami á padà sójú fèrèsé, àwọn ìyá arúgbó á sì mọ ibi tí ọmọ wọn wà. Mo pa ẹnu mi dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yíjú láti ra àgbọn. Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ Sẹ̀nami ti wà nínú ọ̀sà, omi ti mu táyà dé àárín. Bíréèkì tí mo fà ṣì wà bẹ́ẹ̀. Mo fò wọ inú omi, mo fà á jáde. Ẹ̀rù kò bà á. Ó ní, “Àǹtí mi, wọ́n ní nínú omi, kò sẹ́ni tó nílò ẹsẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti tì í mọ́lé. Èmi tí mo bá ayé jà pé kí wọ́n má tì í mọ́lé! Kò fẹ́ jẹun mọ́. Látọjọ́ tí ìyá àgbà ti gbọ́ orin yẹn ni wọ́n sì ti ń bẹ̀ mí pé kí n mú un lọ, kí n mú àwọn náà dání, pé àwọn fẹ́ rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ̀yin tí ẹ ti sin òkú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n tú àṣírí, kí ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ onílé ìtura? Ṣé kí n lọ so màrìwò náà fúnra mi, èmi tí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wí sí i? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pẹ́. Láàárọ̀ yìí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé Sẹ̀nami sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ti ọwọ́ mi kúrò. Ó ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n bàbá wa ti ṣèlérí láti wá gbé òun.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un nínú ilé yìí pé bàbá wa ní ẹ̀gbọ́n.