Yímíyímí Òkúta Tí Mo Jí

Ilé ẹjọ́ ti dájọ́ ikú fún mi. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni káàánú mi.

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, mo ń tún ilé ṣe fún òyìnbó arúgbó kan ní àdúgbò Uptown, ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Ó ní àwọn òkúta kéékèèké tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ gbẹ́. Ọ̀kan rí bíi yímíyímí, ó dúdú, wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí i níkùn. Òyìnbó ní àyà òkú ni wọ́n ń gbé e lé, kí ọkàn òkú náà má baà jẹ́rìí takò ó níbi ìdájọ́ lẹ́yìn ikú. Lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé láti ti àpótí onígíláàsì náà. Mo ní kí n kàn mú un sápò wò. Mi ò dá a padà.

Nígbà tí ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwa òṣìṣẹ́ ilé náà léèrè, mo fi aṣọ ìnujú dì í, mo gbé e lọ fún Láyí, ọ̀rẹ́ mi ní Greenspoint. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni.

“Bá mi tọ́jú ẹ̀. Má tú u.”

“Ẹ̀gbọ́n, àbí góòlù ọ̀gá yín lẹ jí ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo padà lọ gbà á, kò tilẹ̀ ní kí n jókòó.

“Mo tú u o! Oògùn lẹ gbé wọlé mi! Mo gbàdúrà lé e lórí, mo sì sọ ọ́ sódò ẹ̀yìn ilé.”

“Láyí, ta lo tà á fún?”

“Ta ló ń ra oògùn ní Amẹ́ríkà?”

Mi ò gbà á gbọ́. Kò pẹ́, ó pààrọ̀ mọ́tò. Tó bá kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, mo ní ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá dákẹ́, mo ní ó mọ ohun tó ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, mo rò pé ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi hámà fọ́ fèrèsé rẹ̀, mo wọlé, mo ń tú ẹrù. Àṣé ara rẹ̀ kò yá. Ó jáde láti yàrá, ó da aṣọ bora.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni? Ẹ ò bá kan ilẹ̀kùn.”

“Níbo ló wà?”

“Mo ti sọ fún yín. Ó wà lódò.”

“Irọ́ ni!”

Hámà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo là á mọ́ ọn lórí. Kò dìde mọ́.

Nígbà tí ọlọ́pàá mú mi, mo sọ ohun tí mo wá lọ síbẹ̀ fún wọn. Wọ́n lọ wa ẹrẹ̀ odò náà, wọ́n sì rí òkúta náà níbi tí Láyí wí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má mú ohun tí kì í ṣe tiyín, ì báà kéré bí èékánná. Tí ẹ bá sì ti mú un, ẹ dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá jalè kì í lè gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ mi ń sọ fún mi, mo sì pa á nítorí rẹ̀.