Ẹni Tí Mo Rò Pé Ó Ń Jẹ Táyà Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ẹ máa kọ orin arò nítorí èmi àti àwọn ọmọ mi. Ẹ bá mi ké halelúyà kan tó máa dé etí òkun! Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ tún un ké! Ẹ̀ẹ̀ẹ̀n, ẹ ṣeun.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Màmá Mautin, nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí ní Kankon. Àwọn ọmọ kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí báyìí tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ mi, ó mọ mọ́tò mi. Gọ́ọ̀fù pupa kékeré yẹn. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín! Ẹ rín in dáadáa, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni mo gbé wá síwájú yín.

Nígbà tí owó epo ń ṣàn nílẹ̀ yìí, ọkọ mi ra mọ́tò tuntun tí ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó ẹ̀. Kí èmi tó rí tèmi kó jọ, ayé ti yí padà. Mọ́tò tuntun ti di ohun tí à ń wò nínú àwòrán. Kutọnu ni wọ́n ti bá mi mú Gọ́ọ̀fù wá, tòkunbọ̀, ilẹ̀kùn méjì, ẹ̀yìn ẹ̀ gé kúkúrú. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ẹ̀, háà! Ẹni tó tà á fún mi ní àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó ló ń fi irú ẹ̀ dán ara wọn wò lójú títì. Mo ní kò burú, àwọn tó ń rọbí ní Kankon náà ń wá ẹni tó máa sáré.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sáré. Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Tí mo bá ti kúrò ní Ọ̀tọ̀ báyìí, tí ọ̀nà ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi á kàn wúwo fúnra ẹ̀ ni. Àwọn ọmọdé á máa pariwo "Nọ́ọ̀sì Fìà!" tí mo bá ń kọjá, orí mi á sì máa wú. Ọkọ mi á ní, "Ìwọ obìnrin yìí, rọra o." Èmi náà á ní, "Mo rọra ń sáré ni."

Lọ́jọ́ kan, mò ń bọ̀ láti Ọ̀tọ̀, mo já sí kòtò. Kì í ṣe kòtò kékeré o, ìyá kòtò ni. Mọ́tò dún gbàgà! Eyín mi gbá ara wọn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wò ó yípo. Táyà ò fọ́, ríìmù ò tẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, mo gbọn aṣọ mi, mo wa mọ́tò mi lọ. Mo délé, mi ò sọ fún ẹnì kan. Ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi fún ọkọ mi ní ohun tó máa fi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi ni?

Kò pé oṣù mẹ́ta, fọkánáísà wa pè mí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ wá wo nǹkan." Ó tú táyà iwájú, ó yí i síta. Apá tí gbogbo ayé ń rí dára, kò sí ohun tó ṣe é. Apá tó kọjú sábẹ́ mọ́tò ti pá kodoro, wáyà ti yọ lára ẹ̀. Mo ra òmíràn. Kò pẹ́, ó tún pá lápá ibi kan náà. Mo gbé ti ẹ̀yìn síwájú, ìyẹn náà pá. Fọkánáísà ní àfi kí n lọ ṣe àláínmẹ́ǹtì, kí wọ́n to ẹsẹ̀ táyà kó dọ́gba. Ó wá bi mí níwájú ọkọ mi pé, "Àbí ẹ já sí kòtò ni?"

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Ká má rí i!"

Ọkọ mi wojú mi. Èmi ń wo igi àgbọn. Fọkánáísà mi orí, ó ní, "Tí kì í bá ṣe kòtò, mi ò wá mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sọ́kàn délé. Mi ò lọ ṣe àláínmẹ́ǹtì kankan, kí àṣírí kòtò má bàa tú. Kí ló ń jẹ ẹ́? Ta ló ń jẹ ẹ́? Ẹ mọ̀ pé téèyàn bá ti purọ́, ó di dandan kó wá nǹkan mìíràn tó máa dì í mú.

Màmá tó bí ọkọ mi ń gbé ní abúlé kan létí ọ̀sà. Ẹ̀gùn pọ́ńbélé ni wọ́n, ọmọ Abẹ́òkúta ni èmi. Yorùbá tí Màmá gbọ́ kò pọ̀, Ẹ̀gùn tí èmi gbọ́ kò ju ìkíni lọ. Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo la máa ń kó àwọn ọmọ lọ bá wọn. Yanrìn funfun ni àgbàlá wọn, wọn a máa gbá a láàárọ̀, wọn a tún gbá a nírọ̀lẹ́, títí ilẹ̀ á fi mọ́ tónítóní. Tí ẹnì kan bá gba ibẹ̀ kọjá, Màmá á wo ojú ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n á ní lágbájá ló wá, orúnkún ẹ̀ ṣì ń dùn ún. Wọn kì í ṣì í.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a ti dágbére, mò ń wa mọ́tò jáde. Mo wo dígí. Mo rí Màmá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ síbi tí táyà mi gbà kọjá. Wọ́n ki ọwọ́ bọ ojú táyà náà, wọ́n bu yanrìn, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú.

Yéè! Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ mọ̀ pé ẹni tó bá bu yanrìn ojú ẹsẹ̀ rẹ, kò fẹ́ kí o rìn mọ́. Mo ní ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń jẹ táyà mi rèé!

Ẹ̀yin ará, oṣù mẹ́jọ ni mi ò fi gbé àwọn ọmọ dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn. Lónìí, iṣẹ́ ni. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, orí ló ń fọ́ mi. Ọkọ mi ń dá lọ, ó ń bọ̀ pẹ̀lú àgbọn àti ẹja yíyan tí Màmá fi ránṣẹ́, èmi á kó o fún àwọn aládùúgbò. Àwọn aládùúgbò ń jẹ ẹ́, wọ́n ń sanra, mi ò bi ara mi pé kí ló dé tí kò pa wọ́n! Mautin á ní, "Mọ́mì, ṣé a ò lọ sọ́dọ̀ Màmá àgbà mọ́ ni?" Mo ní kó lọ kàwé ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀. Mo ń da òróró sórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yanrìn sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àdúrà mi kò ju ẹyọ kan lọ: Olúwa, tú ọ̀tá mi fó! Táyà sì ń pá.

Ó wá di ọ̀sán Ẹtì kan. Mo gbé àwọn ọmọ ní ilé ìwé, a ń bọ̀ nílé. Táyà iwájú bẹ́, gbòà! Ọwọ́ ìdarí já gbà mọ́ mi lọ́wọ́, mọ́tò yí bìrí, ó wọ inú koríko, ó ń fà wá lọ sí ọ̀sà. Mo pariwo Jésù, mi ò lè pè é tán. Ibi tí mọ́tò dúró sí, tí mo bá ṣílẹ̀kùn, inú omi ni n bá fẹsẹ̀ sí. Mautin ní, "Mọ́mì, ṣé a ti kú ni?"

Mo yẹ orí wọn wò, mo yẹ ọwọ́ wọn wò. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́! A gba ilẹ̀kùn kejì jáde, mo kúnlẹ̀ sínú koríko níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun mi. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gba àdúrà gidi. Mi ò dárúkọ ọ̀tá. Mo ní, "Bàbá, ohun yòówù kó jẹ́, bó ṣe èmi gan-an ni, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi àwọn ọmọ mi kọ́ mi lọ́gbọ́n."

Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe yá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ta ló sọ̀ kalẹ̀? Màmá! Màmá tí wọ́n bẹ̀rù ọ̀kadà ju ejò lọ! Wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbá àwọn ọmọ mọ́ra, wọ́n ń sunkún. Èmi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mi ò lè wọlé, mi ò lè jáde.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n gbé mọ́tò mi rìn síwájú díẹ̀. A ti fi táyà àfipamọ́ gbé e wálé, òjò sì ti rọ̀, yanrìn tutù. Wọ́n ní kí ọkọ mi náà gbé tiẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Wọ́n ṣẹ́ ìgbálẹ̀ kan, wọ́n fi ń tọ́ka sílẹ̀, ọkọ mi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún mi. Wọ́n ní, "Wò ó. Ti ọkọ rẹ, ó gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, ó gbé e kúrò, ojú ẹ̀ mọ́. Tìrẹ ń wọ́ yanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fẹ́ rìn bí akàn, ìwọ ń fipá mú un lọ tààrà. Mo ti rí i tipẹ́. Mo bu yanrìn yẹn wò, ẹ̀rún rọ́bà ló wà nínú ẹ̀. Mo sì sọ fún ọmọ mi."

Mo yíjú sí ọkọ mi. Ó ń họ orí. Ó ní, "Wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́. Mo ní, Màmá, kí lẹ mọ̀ nípa mọ́tò?"

Ọjọ́ yẹn náà ni gbogbo wa lọ bá ẹni tó ń ṣe àláínmẹ́ǹtì ní Badagry. Ó na okùn tín-ín-rín láti táyà ẹ̀yìn dé ti iwájú. Okùn fara kan ti ẹ̀yìn dáadáa, ó ku ti iwájú, ẹnu ẹ̀ ti yà síta. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó jáde, ó ní irin tó ń darí táyà ti tẹ̀. Ó ní, "Ta ló já sí kòtò?"

Màmá wò mí. Ọkọ mi wò mí. Mo ní, "Èmi ni. Mo sáré." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi lọ jókòó sórí táyà. Wọ́n pààrọ̀ irin, wọ́n to ẹsẹ̀ mọ́tò. Láti ìgbà yẹn, ẹ lọ wò ó níta, táyà mi ò pá mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mo gbé Màmá padà sílé nírọ̀lẹ́, jẹ́jẹ́ ni mo ń lọ, kẹ̀kẹ́ ológeere ń yà wá sílẹ̀. A dé àgbàlá wọn, mo kúnlẹ̀ lórí yanrìn. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo ní mo rò pé ẹ fẹ́ pa mí ni. Ọkọ mi ń túmọ̀ ẹ̀ sí Ẹ̀gùn. Màmá gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Jiwheyẹwhe! Ọlọ́run o! Èmi? Kí n jẹ ẹsẹ̀ mọ́tò tó ń gbé àwọn ọmọ ọmọ mi wá bá mi?"

Wọ́n gbé mi dìde. Ọkọ mi ló wá sọ fún mi lójú ọ̀nà pé, fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà tí a lọ kẹ́yìn, Màmá kò gbá ojú táyà wa. Wọ́n ń gbá ilẹ̀ yípo ẹ̀, wọ́n ń fi í sílẹ̀, títí òjò fi wá gbé e lọ. Mo dá mọ́tò dúró, mo sunkún débi pé ọkọ mi ló wà á délé.

Ìjọ Ọlọ́run, Màmá nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mautin, wọ́n wé gèlè àlàárì. Wọn ò gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé àwọn ni mò ń sọ, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bojú! Ẹ má bá mi yọ̀ nítorí táyà. Ọlọ́run dá ìyá mi padà fún mi, èmi tí mo lé wọn lọ. Ògo ni fún un láti etí ọ̀sà dé etí òkun. Ẹ dìde. Màmá, ẹ máa bọ̀ níwájú, ẹ wá bá wa jó.