Sìgá Tí N Kò Mu Rí

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ahọ́n tí ikú ti fẹ́ gbà ni mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí o! Ògo!

Ará, nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa ni egbò jáde sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi. Kò jinná. Ata ò ṣeé jẹ, orin ò ṣeé kọ. Èmi tí ẹ mọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin láti kékeré! N kò fẹnu kan ọtí rí, n kò fẹnu kan sìgá. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Káyọ̀dé ńkọ́? Gbogbo Ìlaròó ló mọ̀ wọ́n. Sìgá láàárọ̀, ọtí sodabí lálẹ́, wọ́n á tún máa rún ata tútù lẹ́nu, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èmi á máa jowú wọn. Mo ní, "Olúwa, àìsàn yìí mà ṣi yàrá wọ̀! Yàrá kejì ni Bọ̀dá Káyọ̀dé ń sùn."

Alàgbà kan ní, "Ọmọ, jẹ́wọ́ sìgá tí ò ń mu ní kọ̀rọ̀, egbò á jinná." Mo jẹ́wọ́, níwájú yín níbí, kí ẹ lè gbàdúrà fún mi. Ẹ gbàdúrà. Egbò ń fẹ̀ sí i.

Nígbà tí Bọ̀dá mi gbọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ìwọ tó ń di imú tí mo bá kọjá? Dìde, ó yá, ọsibítù!"

Bọ́dà tí ìjọba tì ló jẹ́ kí Bọ̀dá mi wà nílé, iṣẹ́ wọn ti dúró. Alùpùpù tí wọ́n fi ń ṣe fàyàwọ́ ìrẹsì láti ọ̀nà Ìpókíá ni wọ́n fi gbé mi.

Aṣọ́bodè dá wa dúró. "Kí lo gbé sẹ́yìn?"

"Àbúrò mi ni, ọ̀gá."

"Ìrẹsì ńkọ́?"

"Ọ̀gá, ẹ wojú ẹ̀. Ṣé ojú ẹni tó rí ìrẹsì jẹ nìyí?"

Aṣọ́bodè rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa lọ.

Ní ọsibítù, wọ́n gé díẹ̀ nínú ẹran egbò náà fún àyẹ̀wò. Ìgbà tí èsì dé, dókítà ní, "Jẹjẹrẹ ni. Ta ló ń mu sìgá nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Bọ̀dá mi nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Èmi ni, Dókítà. Òun ò mu nǹkan kan."

Dókítà ní, "Òótọ́ ni. A wo ẹran náà dé inú hóró tíńtín tó di ara èèyàn. Àpá tí èéfín sìgá máa ń fi síbẹ̀, a ò rí i. Ó máa ń ṣe ẹni tí kò mu rárá, a ò sì tíì mọ ìdí rẹ̀ tán. Ó kù díẹ̀ kó pẹ́ jù, ṣùgbọ́n a lè gé e kúrò."

Mo bú sẹ́kún. Bọ̀dá Káyọ̀dé dì mí mú. Wọ́n ní, "Ìbá kúkú jẹ́ èmi."

Ará! Àdúrà tí mo ti ń gbà lé wọn lórí nìyẹn!

Wọ́n gé e. Ahọ́n mi ń wọ́ díẹ̀, ẹ̀ ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ń yin Ọlọ́run! Ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrà. Irọ́ ni ìjẹ́wọ́ mi ọjọ́sí, mo kó o nílẹ̀ lónìí. Ìwọ tí egbò ẹnu rẹ kò jinná, má jẹ́wọ́ ohun tí o kò ṣe. Lọ bá dókítà. Ẹ̀yin amusìgá, ẹ má fi mí ṣe àwáwí o, ẹ jáwọ́.

Bọ̀dá mi wà níta, lẹ́bàá alùpùpù wọn. Wọ́n ní ẹnu àwọn ń rùn, àwọn ò lè wọlé. Mo ṣì ń jowú wọn o. Ọkàn wọn yẹn ni mò ń jowú báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pè wọ́n wọlé.