Fáìlì tí Mo Yọ, Bàbá Ṣérífá ni Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun tipẹ́, mi ò sì lè gbé e mì mọ́. Bàbá Ṣérífá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ èèyàn ní kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gbádùn.

Láyé àwọn sójà, èmi ni mò ń tẹ kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan lọ́nà Agége. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ọ́fíìsì. Orí ẹ̀ la ti ń ṣírò owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́, orí ẹ̀ náà la ti ń kọ lẹ́tà. SAP, ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba gbé dé nígbà náà, ti sọ owó oṣù di yẹ̀yẹ́. Ni mo bá lọ gba ètò kan tí wọ́n fi ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, mo kó o sínú kọ̀ǹpútà yẹn, mo ń fi wá owó ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa ní àwọn aṣàyẹ̀wò ń bọ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ bá ètò àdáni mi nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Mo sáré ń yọ ètò káàdì mi kúrò. Kọ̀ǹpútà bi mí pé fáìlì kan rèé o, ó ṣeé ṣe kí àwọn ètò mìíràn máa lò ó, ṣé kí òun yọ ọ́ mọ́ ọn? Mi ò kà á dópin. Ìbéèrè nǹkan yẹn ti pọ̀ jù! Gbogbo ohun tó bá ti bi wá, "bẹ́ẹ̀ ni" la máa ń tẹ̀, kí iṣẹ́ ṣáà tètè parí.

Ó di àárọ̀, ètò owó oṣù ò ṣí. Ó ń sọ fún mi pé òun ò rí fáìlì kan. Ti lẹ́tà náà kọ̀. Mo pa á, mo tàn án, mo gbá a létí, pàbó! Iléyá kù dẹ̀dẹ̀, owó oṣù ò jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo lẹ́nu géètì.

Ẹnjiníà tí wọ́n pè láti Ọ̀pẹ̀bí ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ó ní ta ló ki dísìkì sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé, ẹ̀rù bà mí. Nígbà yẹn, ohun kékeré ni wọ́n ń wá tí wọ́n á fi lé èèyàn lọ. Mo ní, "Bàbá Ṣérífá ni." Akọ̀wé sítọ́ọ̀ ni wọ́n, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, àgbàlagbà jẹ́jẹ́. Lóòótọ́ ni wọ́n ki dísìkì sí i lọ́jọ́ tó ṣáájú, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbà wọ́n láyè. Iléyá ò tíì kọjá tí ọ̀gá fi já ìwé lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa lọ.

Nígbà tí mo ra kọ̀ǹpútà tèmi, mo kó ètò káàdì kan náà sínú ẹ̀, nígbà tó yá, mo tún yọ ọ́. Ìbéèrè yẹn tún jáde, mo tún tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ètò lẹ́tà mi kọ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn gẹ́lẹ́. Kò sì sí dísìkì Bàbá Ṣérífá ńbẹ̀ o! Mo dá ètò káàdì padà, gbogbo ẹ̀ ṣí wàì. Ó wá yé mi pé àjọlò ni fáìlì yẹn, bí odó kan tí gbogbo ayálégbé ń lò, tí ẹni tó ń kó jáde wá gbé lọ. Inú bí mi débi pé mo sunkún. Ohun tí ǹ bá ti tún ṣe kíá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni! Síbẹ̀, mo panu mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Bàbá Ṣérífá jókòó, wọ́n ní, "Sístà Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Dísìkì mi ló kó gbogbo yín sí wàhálà Iléyá ọjọ́ yẹn. Ó ṣì ń dùn mí." Wọ́n ní Ṣérífá fẹ́ wá kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi, àmọ́ àwọn ò gbà, kó má lọ ba nǹkan oníǹkan jẹ́ bíi tàwọn.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Bàbá, mo ti foríjì yín."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí mo ti foríjì, kí n ní kí wọ́n foríjì mí?