Mo Pa Ìyá Àgbà Lórí Rédíò

Ẹ̀yin ará wa ní Jẹ́dà àti Mẹ́kà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàdúrà fún òkú inú orin wa, ẹ dáwọ́ dúró. Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra mọ́. Òkú náà wà láàyè, ó ń dín dòdò ní àdúgbò Misfalah ní Mẹ́kà. Èmi Hàmídàt, tí mò ń tẹ dùùrù nínú ẹgbẹ́ jáàsì Hatim, ni mo fi ẹnu ara mi pa á.

Ìyá tó bí ìyá mi ni, Àlàájà Múríkàtù. Kò sí àlàájì tó wọ ilé wa tí kì í fi wákà kí káàbọ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń ṣa ẹ̀wà, tó ń kọrin fún ara rẹ̀, mo fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láìsọ fún un. Olè ni mo jà, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Mo gbé e lọ sí àdúgbò Al-Mahjar ní Jẹ́dà, níbi tí a ti ń fi orin dánra wò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì. Hatim fi sakisofóònù tẹ̀ lé ohùn náà. Ó dùn débi pé àwọn mẹkáníìkì pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè gbọ́.

Hatim ní, "Rédíò fẹ́ gbé e. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ìyá náà fọwọ́ sí ìwé."

Mo mọ̀ pé ìyá àgbà á kọ̀, torí ó máa ń sọ pé àlejò Ọlọ́run nìkan lòun ń kọrin fún. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ó ti kú." Hatim sunkún. Ọ̀dájú ni mí, mo bá a sunkún, mo sì fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí àrólé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì orin náà gba Jẹ́dà kan, wọ́n sì pè wá síbi àjọ̀dún orin ńlá tó ń bọ̀ létí òkun. Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, rédíò gbé e nílé ìdáná wa. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní ìyá tó kọ ọ́ ti dágbére fáyé, Allah yarhamuha, kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Ìyá àgbà fi ṣíbí sílẹ̀, ó tẹ́wọ́.

"Ohùn rẹ̀ mà jọ ti ìyá mi o. Kí Ọlọ́run forí jìn ín, kó fi Àlùjánńà kẹ́ ẹ. Hàmídàt, ṣé o ò ní ṣe àmín ni?"

Mo ṣe àmín. Ẹ gbọ́ ná, mo ṣe àmín sí àdúrà òkú fún ẹni tó ń bu oúnjẹ fún mi! Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìyá àgbà mú híjáàbù rẹ̀, ó kọrí sí Haram, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà. Bí ìyá arúgbó bá fi mí sùn níwájú Káábà, mo gbé! Mo sáré tẹ̀ lé e, mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè.

"Olúwa, ọmọ yìí purọ́ ikú mọ́ mi. Àmọ́ ṣé O gbọ́ ohùn náà? Mo ṣebí ó ti há. O ṣeun, O ṣeun."

Ó yíjú sí mi, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Wallahi, mo dárí jì ọ́, màá sì fọwọ́ sí ìwé wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni wàá sọ fáráyé pé mi ò kú. Kí o sì sọ fún onífèrè yẹn pé ó ń sáré jù, kó jẹ́ kí n mí."

Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀ títí a fi délé. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń di fóònù mú kiri, ẹ bi àwọn àgbà yín kí ẹ tó gba ohùn wọn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á gbà. Ní Alámìísì, níbi àjọ̀dún orin létí òkun, àga iwájú ni Àlàájà Múríkàtù máa jókòó sí. Ẹ wá kí i.