Orúkọ Bàbá Múfú tí Mo Fi Sínú Ẹ̀rọ

Wọ́n lé Bàbá Múfú lẹ́nu iṣẹ́ nítorí fáìlì tí kò fọwọ́ kàn rí. Èmi ni mo fà á. Mo gbọ́ pé àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ nílé rẹ̀ ní Aké, n kò sì lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin.

Èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ilẹ̀ kan ní Abẹ́òkúta, láyé àwọn ológun yìí. Ẹ̀rọ ńlá kan tó ń lo ètò ìṣiṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Unix ló ń kó fáìlì wa pa mọ́. Àwọn kékeré orí tábìlì, tí a fi ń ṣí fáìlì inú ẹ̀rọ ńlá, ń lo ètò mìíràn, Windows. Ẹ̀rọ ńlá máa ń béèrè pé: ta ló ni fáìlì yìí, ẹgbẹ́ wo ló jọ ń lò ó, kí sì ni àwọn yòókù lè ṣe sí i? Kékeré kò mọ èèyàn. Kò mọ̀ ju pé fáìlì ṣeé yí padà tàbí kò ṣeé yí padà.

Ó yẹ kí n so òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ orúkọ tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ ńlá. N kò ṣe é. Bí a ti ń ṣe lágboolé ni mo ṣe, níbi tí ohun gbogbo ti ń jẹ́ ti baálé. Bàbá Múfú ló dàgbà jù nínú wa, mo bá so gbogbo wa mọ́ orúkọ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni bá ṣe, orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ńlá ń kọ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, o ti fi mí jẹ baálé ẹ̀rọ."

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan yí orúkọ opó kan padà nínú fáìlì ilẹ̀ rẹ̀ ní Adigbẹ. Wọ́n wo ẹ̀rọ ńlá. Orúkọ Bàbá Múfú ló gbé jáde.

Ó búra pé òun kọ́. Akọ̀wé kan ní, "Bàbá, ẹ̀yin àti ẹ̀rọ ò kúkú jọ du oyè, kí ló dé tó fi máa parọ́ mọ́ yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá wò mí. Mo wolẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi wà nínú oyún, ẹ̀rù ń bà mí pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá wa. Ó ní, "Ẹ̀rí dà?" Kò sí. A ti pa àkọsílẹ̀ bí mo ṣe so wá mọ́ orúkọ Bàbá nínú ẹ̀rọ náà rẹ́, ọwọ́ mi la sì fi pa á rẹ́. Ó tún ní, "Ta ló wá yí i?" N kò mọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí ni kí n lọ sọ létí ibùsùn Bàbá Múfú? Ọ́fíìsì ní àwọn kò ní tún ẹjọ́ náà ṣí. Orúkọ tí ẹ̀rọ dá ni yóò wà nílẹ̀.